Yẹ̀pẹ̀ Funfun Tí Bàdírù Kó Wálé

Kò sí ẹni tó ń gbé àdúgbò wọn ní Ìjù tí kì í mọ̀ bí atẹ́gùn bá yí padà. Bó bá ti ń fẹ́ bọ̀ láti ọ̀nà ààtàn, ẹni tó ń jẹun á yára bo àwo rẹ̀, ẹni tó sá aṣọ á sáré lọ ká a. Ìdí nìyí tí inú Ràfátù fi dùn ní àárọ̀ Sátidé yẹn, nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò yọjú sí géètì, tó kúnlẹ̀ kí i, tó sì ní ilẹ̀ tó mọ́, tó jìnnà sí ààtàn, ni òun ń wá.

"O ò ṣìnà, ọmọ mi," ni Ràfátù wí. "Ilé wa mọ́. Àní ilẹ̀ wa ga ju ti gbogbo àdúgbò yìí lọ. Òjò kì í gbé ìdọ̀tí ẹnikẹ́ni wọ ibí."

Ògì ló ń sẹ́ lọ́wọ́. Ó ká aṣọ dé ìgbọ̀nwọ́, ọwọ́ rẹ̀ funfun báláú. Àdìzát, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́tàlá, ń da omi sí asẹ́ fún un.

Ọmọbìnrin náà ní Dásọ́lá ni orúkọ òun, àti pé yunifásítì ni òun ti wá. Ó yọ ẹ̀rọ kan jáde láti inú àpò rẹ̀, kò tóbi ju rédíò kékeré lọ. Ràfátù bi í léèrè ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe.

"Ìtànṣán inú ilẹ̀ ló ń kà, mà. Gbogbo ilẹ̀ ni Ọlọ́run fi í sí. Ó wà nínú òkúta, ó wà nínú yẹ̀pẹ̀. Ojú kì í rí i, kì í sì í rùn. Díẹ̀ kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Èyí tó bá pọ̀ jù, tí èèyàn sì bá a gbé pẹ́, òun ni kò dáa. A fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń dà sí ààtàn yìí ti mú kó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti wọn ààtàn tán láàárọ̀. Ilẹ̀ tó mọ́ tí mo máa fi wé e ló kù."

"Wọn ilẹ̀ wa," ni Ràfátù wí. "Kó o lọ sọ fún wọn pé ilẹ̀ tó dáa ṣì wà ní Ìjù."

Ẹ̀rọ náà ń ké díẹ̀díẹ̀ nítòsí géètì. Tík. Ó dákẹ́. Tík. Bí omi tó ń kán sínú garawa. Níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì, bákan náà ni. Dásọ́lá ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá gba ẹ̀yìn ilé, ó ń tọ ara ògiri lọ títí dé abẹ́ fèrèsé yàrá kejì. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti yí ohùn padà. Ó ń ta gbàágbà bí ìgbà tí gúgúrú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta nínú ìkòkò.

Dásọ́lá dúró. Ó gbọn ẹ̀rọ náà. Ó yọ bátìrì rẹ̀, ó fi òmíràn sí i. Ó jáde lọ sí títì, ẹ̀rọ náà sì rọlẹ̀, ó ń kán bí omi. Ó padà wá sábẹ́ fèrèsé, ó tún ń ta.

"Àǹtí, ṣé inú ń bí i ni?" ni Àdìzát bi í, ó ń rẹ́rìn-ín.

Dásọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọkọ́ kékeré, ó gbẹ́lẹ̀ bí ìbú ọwọ́ méjì. Ilẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ hú jáde. Lẹ́yìn náà, yẹ̀pẹ̀ funfun kan yọ, ó kúnná bí láfún, ó ń dán díẹ̀ nínú oòrùn. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi ọwọ́ gbé e wò, ó rí i pé ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

"Mà, níbo ni èyí ti wá?"

"Yẹ̀pẹ̀ funfun? Bàbá Àdìzát ló kó o wá. Típà ló ń wà. Ẹrẹ̀ ni gbogbo ibí yìí tẹ́lẹ̀, omi máa ń bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Yẹ̀pẹ̀ yìí ló fi kún ilẹ̀. Ó kù díẹ̀, ó fi ṣe ilẹ̀ yàrá àwọn ọmọ."

"Láti ibo ló ti kó o?"

"Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táìlì, lọ́nà Sàǹgó. Wọ́n ní kó máa kó èyí tó bàjẹ́ lọ."

Dásọ́lá wo fèrèsé yàrá náà. "Ta ló ń sùn níbẹ̀, mà?"

"Àdìzát." Ràfátù ń fi etí aṣọ nu ògì ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún títí ọwọ́ gbẹ, kò dáwọ́ dúró. "Àti àbúrò rẹ̀."

"Àbúrò rẹ̀ ńkọ́, mà?"

Àdìzát gbé garawa sílẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ ọwọ́ Dásọ́lá nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tó yé e, ó fi àtàǹpàkò pa á.

"Mọ̀nsúrát ni orúkọ rẹ̀," ni Ràfátù wí nígbẹ̀yìn. "Ọdún mẹ́fà. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní kò dúró lára rẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sí i lónìí, tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti gbẹ. Ọsibítù kò mọ ohun tó fà á. Èmi náà kò bi wọ́n mọ́." Ó gbójú sókè. "Ìwọ ni mo wá fẹ́ bi. Ṣé ohun tí ẹ̀rọ rẹ ń kà yìí lè pa ọmọ?"

Dásọ́lá kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ àti ibi sí i lára, bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sínú ẹ̀rọ ńlá tó máa fi odidi ọjọ́ kan kà á. Wọn kò kọ́ ọ ní èyí.

"Mi ò lè sọ pé òun ni, mà," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Mi ò sì lè sọ pé òun kọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwọ̀n ibí yìí ju ti ààtàn lọ, ó jù ú lọ dáadáa. Mi ò ní fẹ́ kí ọmọ máa sùn lórí rẹ̀."

Àdìzát wọlé lọ. Nígbà tó máa jáde, ó ti ká ẹní rẹ̀ mọ́ apá. Ó gbé e kọjá lára ìyá rẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹ sí ẹ̀bá géètì, ó sì jókòó lé e lórí.

Ògiri tó wà láàárín ilé wọn àti ti Ìyá Kẹ́hìndé kò ga. Obìnrin náà ti dúró lórí búlọ́ọ̀kù láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti ń ta.

"Ìyá Àdìzát! Kí ni ọmọ yìí ní ó wà nínú yẹ̀pẹ̀ Bàdírù?" ni ó ké. "Yẹ̀pẹ̀ yẹn náà ló tà fún wa! Òun ló wà lábẹ́ ilé ìdáná mi!"

Kò sí ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ládùúgbò. Ràfátù kò tíì da omi orí ògì tí àwọn obìnrin mẹ́rin ti dé ẹnu géètì. Ọ̀kan ní májèlé ni. Ọ̀kan ní àwọn òyìnbó ilé-iṣẹ́ ló sin bọ́ǹbù síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ilé yìí tóbi jù. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ̀kẹrin ń wò lórí ilẹ̀ tó dúró sí.

Báyìí ni Bàdírù bá wọn nígbà tó dé láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ìdọ̀tí táyà. Ó jẹ́ ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan, ará Ìsẹ́yìn, tí kì í pariwo. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó wọlé, ó ṣan ọwọ́, ó sì ní kí ìyàwó òun gbé oúnjẹ wá.

Ẹ̀kọ gbígbóná ni, àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí Ràfátù já lẹ́yìn ilé ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ràfátù gbé ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó wo ẹ̀fọ́, kò gbé e.

"Ẹ̀fọ́ dà?"

"Ó wà nínú ìkòkò."

"Bù ú wá."

"Bàbá Àdìzát, ọmọ yìí ní ilẹ̀ tó hu ẹ̀fọ́ yẹn kò dáa."

"Ọmọ yìí! Ọmọ tó wọlé láàárọ̀ yìí!" Bàdírù dìde, ó bu ẹ̀fọ́ náà fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó sì ń jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́ kíákíá, kò jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ń pa. "Ọlọ́run ló ń pa, òun ló ń là. Ṣé yẹ̀pẹ̀ ti wá di Ọlọ́run ni?"

Ràfátù jókòó tì í, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹun, títí ọwọ́ Bàdírù fi dúró láàárín àwo àti ẹnu.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣọládé, alága àwọn onílé, wọlé wá. Ó gba ìwé àṣẹ ọwọ́ Dásọ́lá, ó kà á lókè lókè, ó dá a padà.

"Ìwé rẹ dára. Ṣùgbọ́n ó ní ààtàn ni kí o wọ̀n, kò ní ilé onílé. Ṣé o mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀ láti Èkó ní ọjọ́ Ajé láti wá wo ilé tí a fẹ́ tà lópin òpópónà yìí? Tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ta ni yóò ra ilé ní Ìjù mọ́? Kì í ṣe ilé kan o, gbogbo ohun tí a fi ogún ọdún ṣe ni." Ó dẹ ohùn rẹ̀. "Ọmọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lójúlé kejì sí títì. Ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Màá mú ọ lọ. Da èyí nù, ká fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà."

Ó na ọwọ́ sí ọ̀rá tí Dásọ́lá bu yẹ̀pẹ̀ sí. Ọmọbìnrin náà fà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Ràfátù ti dé ibẹ̀. Ó gba ọ̀rá náà, ó fi ìborùn rẹ̀ wé e, ó sì gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ìkókó.

"Ìyá Àdìzát," ni Dásọ́lá ké, "ẹ má gbé e mọ́ra báyẹn!"

"Ó ti wà lára mi tipẹ́, ọmọ mi." Ó yíjú sí alága. "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí Mọ̀nsúrát wà ní ọsibítù, ẹ wá. Ẹ mú ọsàn wá. Nígbà tí a sin ín, ẹ tún wá, ẹ ní kí n gba kámú. Mo gbà á. Ẹ má sọ pé kí n gba èyí mọ́ ọn."

Ṣọládé wo Bàdírù, bí ọkùnrin ṣe ń wo ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàdírù ń wo ìṣẹ́kù ẹ̀kọ inú àwo.

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni Ìyá Kẹ́hìndé wí láti orí búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Kò pariwo rárá. Bàdírù fara ya bí ẹni tí wọ́n gún ní nǹkan.

"Kí ni mo dà? Kí ni mo dà? Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń bẹ̀ mí? Òjò ń rọ̀, ẹ ń pè mí lóru, 'Bàdírù, bá wa wá típà kan.' Ta ló bi mí níbi tí mo ti kó o? Ọ̀kan nínú yín bi mí?"

"Èmi náà kò bi ọ́," ni Ràfátù wí. "Mo ń bi ọ́ báyìí. Àwọn tó gbé e fún ọ ńkọ́, wọn kò sọ nǹkan kan?"

Bàdírù dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ débi pé Ṣọládé ṣí ẹnu láti fi nǹkan míì dí i, Ràfátù sì gbé ọwọ́ kan sókè pé kó dúró. Irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Òun ló wà nínú yàrá àwọn ọmọ ní gbogbo alẹ́ láti ọdún tó kọjá. Bàdírù kì í wọ yàrá náà mọ́. Tí gílóòbù ibẹ̀ bá kú, Àdìzát ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Ràfátù ti rò pé ìbànújẹ́ ni.

"Ọkùnrin tó ń ṣí géètì fún wa máa ń wọ ìbọ̀wọ́," ni Bàdírù wí. Kò gbójú sókè. "Ó ní kòtò kan wà lọ́nà Ìdí-Ìrókò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún un. Ó ní ká má dà á síbi tí èèyàn ń gbé. Mo ní kí ló dé? Ó ní òun náà kò mọ̀, pé bí wọ́n ṣe ní kí òun wí nìyẹn. Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò jìn. Epo dísù wọ́n. Mo rò pé àṣà ilé-iṣẹ́ ni, pé wọ́n kàn ń bẹ̀rù ẹjọ́. Yẹ̀pẹ̀ tó mọ́ báyẹn. Ó mọ́ ju ti odò lọ, Ràfátù."

"O gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ."

"O wá fi ṣe ilẹ̀ yàrá fún wọn."

"Omi ń bá yín lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ ń fi abọ́ gbọ́n omi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ wọn gbẹ ni."

Ràfátù kò sunkún, kò ṣépè. Ó fún Dásọ́lá ní ọ̀rá yẹ̀pẹ̀ náà padà, ó gbọn ìborùn rẹ̀, ó sì wọlé lọ da ẹ̀fọ́ inú ìkòkò nù. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń ha ìkòkò náà. Ó ń ha á nígbà tí kò ti sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Alága ní òun ń lọ sílé, òun á pe ìpàdé. Kò sọ ọjọ́ rẹ̀. Bí ó ti ń jáde, ó gba ẹ̀bá ògiri, níbi tí wọ́n ti da kankéré, kò gba orí yẹ̀pẹ̀.

Bàdírù jókòó títí oòrùn fi dé àtàrí. Nígbà tó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ bá Dásọ́lá tó ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Àǹtí," ni ó pe ọmọ tó tó bí, "ṣé bátìrì ẹ̀rọ yín ṣì kù?"

"Ó kù, sà."

"Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni mo dà á. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ gbogbo ibi tó wà."

Ilé Ìyá Kẹ́hìndé ni wọ́n kọ́kọ́ yà, níbi tí ẹ̀rọ ti ta nínú ilé ìdáná, lẹ́bàá àdògán. Láti ibẹ̀, ilé télọ̀ kan, ilé opó kan, ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, Bàdírù á kí wọn, á ní, "Ẹ má bínú. Èmi ni mo kún ilẹ̀ yìí fún yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n." Àwọn kan ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tu itọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Bàdírù dúró síta títí Dásọ́lá fi wọn ara ògiri rẹ̀ láti òde. Ràfátù ń tẹ̀ lé wọn, ó jìnnà díẹ̀, Àdìzát di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn èèyàn mìíràn ń dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà ni gbogbo wọn ń gbọ́, wọ́n á mí sókè níbi tó bá ti ń kán, wọ́n á di ara wọn mú níbi tó bá ti ń ta.

Dásọ́lá rò pé wọ́n ti parí nígbà tí Bàdírù dúró ní ìkóríta, tí kò lè gbé ẹsẹ̀. Ohùn àwọn ọmọdé ń bọ̀ láti ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń ké kéwú pọ̀.

"Ibẹ̀ náà?" ni Ràfátù bi í. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ fún un láti ìgbà náà nìyẹn.

"Ibẹ̀ náà."

Abẹ́ páànù kan báyìí ni ilé kéwú náà, kò ní ògiri. Àwọn ọmọ bí ọgbọ̀n jókòó lórí ẹní, èyí tó kéré jù nínú wọn jókòó lórí yẹ̀pẹ̀ funfun gan-an, ó ń fi ìka kọ álífù sí i. Dásọ́lá kò tíì dé àárín wọn tí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Kéwú dá. Alùfáà Tahir, tó ń kọ́ wọn, dìde, ó ń wo ẹ̀rọ náà, ó ń wo èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Dásọ́lá ṣàlàyé fún un, kò lo ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Alùfáà yíjú sí Bàdírù. "Típà mẹ́ta lo gbé wá fún wa. O kò gba kọ́bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alùfáà."

"Kí ló dé tí o kò gba owó lọ́wọ́ wa?"

Bàdírù ń wo yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ náà.

"Nígbà tí fídáù ọmọ mi ku ọ̀la ni. Sàráà Mọ̀nsúrát ni mo fi ṣe. Pé kí àwọn ọmọ rí ibi tó gbẹ jókòó sí, kí wọ́n máa ké kéwú, kí ládá rẹ̀ máa lọ bá a."

Ràfátù kò mọ̀ nípa èyí rí. Ó dúró ní etí páànù, ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, ó jọ̀wọ́ ọwọ́ Àdìzát, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ilé kéwú ni, ó sì rìn wọ àárín àwọn ọmọ náà. Ó gbé èyí tó kéré jù nílẹ̀. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e fún obìnrin tó wà nítòsí. Ó padà, ó gbé òmíràn.

Nígbà tó máa gbé ẹ̀kẹta, Bàdírù ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ọmọ kan. Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra sún mọ́ Ràfátù.